Ta ni ìlérí ìjọba ń dè?

Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 2010, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà àti ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Process and Industrial Developments, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí P&ID, tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ọlọ́dún 20. Ìjọba yóò máa fa gáàsì ránṣẹ́ sí wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn yóò kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá sí Calabar, wọn yóò fọ gáàsì náà, wọn yóò dá èyí tó mọ́ padà fún ìjọba láti fi dáná mànàmáná, wọn yóò sì mú ògidì tó ṣẹ́ kù, tó jẹ́ pé inú rẹ̀ gan-an lowó wà, tà fún èrè ara wọn. Gáàsì kò dé, ilé-iṣẹ́ kò dìde. Síbẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 2017, ìgbìmọ̀ onílàjà ẹlẹ́ni mẹ́ta tí ìjókòó rẹ̀ wà ní London pàṣẹ pé kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là, èrè tí P&ID ìbá jẹ ká ní iṣẹ́ ọ̀hún wáyé, pẹ̀lú èlé ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti 2013. Ẹnì kan nínú àwọn mẹ́ta náà kò gbà pé iye yẹn tọ́, ṣùgbọ́n ẹni méjì ju ẹnì kan lọ. Èlé nìkan lé ní mílíọ̀nù dọ́là kan lójúmọ́. Nígbà tó fi máa di 2023, gbogbo rẹ̀ ti tó bílíọ̀nù 11. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé náà kò ní san kọ́bọ̀ níbẹ̀. Àgbẹ̀ tó wà ní Ìsẹ́yìn ni yóò san án, àti ìyá tó ń ta ẹja ní Mákòókó, àti ọmọ tí wọn kò tíì bí ní Kàtsínà.

Òfin òwò àgbáyé ní ìdáhùn kan tó ti gbó sí irú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn agbẹjọ́rò sì ń fi èdè Látìnì pè é, pacta sunt servanda: àdéhùn tí a bá ṣe, ká mú un ṣẹ. Kò sí Yorùbá tí yóò bá ọ̀rọ̀ yẹn jà. Ẹni tó ń yẹ àdéhùn, a kì í pè é lọ́mọlúàbí. Àmọ́ gbólóhùn náà fo nǹkan kan dá. Ẹni tó ṣèlérí ló ń bá wí, ó sì gbàgbé pé nínú àdéhùn tí ìjọba ń ṣe, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń ṣèlérí, ọ̀tọ̀ lẹni tí yóò san án. Kí ló wá fún ìlérí ẹnì kan lágbára láti de ẹlòmíràn tí kò sí níbẹ̀, tí wọn kò bi léèrè, tó tiẹ̀ lè jẹ́ pé kò tíì délé ayé? Èrò tèmi ni pé agbára yẹn kò ti ọwọ́ ẹni tó fọwọ́ sí i nìkan wá. Ẹni tí wọ́n ṣèlérí fún ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe. Ó gbọ́dọ̀ wádìí bóyá ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ní àṣẹ, kó sì wò ó bóyá nítorí ẹni tó ni àṣẹ náà ló ṣe ń lò ó. Bí kò bá ṣe iṣẹ́ yẹn, òun àti ẹni tó fọwọ́ sí i ni àdéhùn dè. Kò kan ará ìlú.

Àwọn ẹ̀sìn tí à ń ṣe nílé wa ti ronú lórí èyí ju bí a ṣe rò lọ, àmọ́ orí ọ̀ràn mìíràn ni wọ́n gbé e sí: ọ̀ràn ọmọ òrukàn. Bí a bá ń wá ẹni tí mínísítà jọ, alágbàtọ́ tó ń mójú tó ogún ọmọ òrukàn ló jọ jù. Ohun ìní kì í ṣe tirẹ̀, ẹni tó ni ín kò lè sọ̀rọ̀, ọwọ́ tirẹ̀ nìkan ló sì tó kọ́kọ́rọ́. Àlùkùránì, nínú Súrà An-Nisa, kìlọ̀ gidigidi fún ẹni tó ń jẹ owó ọmọ òrukàn, ó sì pàṣẹ pé lọ́jọ́ tí alágbàtọ́ bá fẹ́ kó ogún lé ọmọ lọ́wọ́, kí ó pe ẹlẹ́rìí sí i. Nínú Súrà Al-Baqarah, níbi tí ọ̀rọ̀ gbèsè ti gùn, a ní kí wọ́n kọ gbèsè sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, bí onígbèsè bá sì jẹ́ ẹni tí òye rẹ̀ kò tó, kí alágbàtọ́ rẹ̀ fi òdodo pe ohun tí akọ̀wé yóò kọ. Nínú Bíbélì, Esekíẹ́lì orí 18 kọ̀ jálẹ̀ pé ọmọ kò ní ru ẹ̀ṣẹ̀ baba. Kò sí ìkankan nínú àwọn wọ̀nyí tó ní kí alágbàtọ́ má ṣe àdéhùn rárá. Ó gbọ́dọ̀ ṣe é, nítorí ogún tí a kò fi ṣòwò yóò tán. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n béèrè. Bí mo sì ṣe lóye rẹ̀, ẹlẹ́rìí kò wà nítorí alágbàtọ́ nìkan. Ó wà nítorí ẹni tó ń bá a dòwò pẹ̀lú, kó má baà sọ lọ́la pé òun kò mọ̀ pé ọmọ kan wà lẹ́yìn.

Èkó ti ṣe irú ẹjọ́ yìí rí, ó sì gbà á tó ọgọ́ta ọdún. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Prometheus wà lójú omi, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó fún Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó yá, wọ́n dá owó ìtọ́jú fún un, àpò owó ẹyọ 1,200 lọ́dún. Àwọn olóyè onífìlà funfun, àwọn Ìdẹ́jọ, figbe ta, ohun tí wọ́n sì ń sọ kò lọ́jú pọ̀: ọba kọ́ ló ni ilẹ̀. Ọba ní àṣẹ lórí ìlú, àwọn Ìdẹ́jọ ló ń bójú tó ilẹ̀ fún àwọn ìdílé, àwọn pàápàá kò sì lè sọ ọ́ di ti ara wọn. Lọ́dún 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ kan ní Apápá. Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, béèrè owó ilẹ̀ náà lórúkọ àwọn èèyàn rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó wà nílé ní ẹ̀tọ́ tó ní síbẹ̀ kò tó ti onílẹ̀. Ó gbé ẹjọ́ dé Privy Council ní London, Herbert Macaulay bá a kọjá sí òkè òkun, nígbà tó sì di 1921, Viscount Haldane ka ìdájọ́: ìwé ọdún 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, bí ìjọba bá sì fẹ́ ilẹ̀ náà, kí ó san owó rẹ̀ bí ẹni ń rà á lọ́wọ́ onílẹ̀ gan-an. Ó dùn mọ́ni díẹ̀ pé ilé ẹjọ́ àwọn tó gba ìwé lọ́wọ́ Dòsùnmú náà ni ìdájọ́ yẹn ti jáde.

Ó yẹ ká wo ohun tí ìdájọ́ náà kò sọ. Kò sọ pé òfo ni ìwé Dòsùnmú. Ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń jọba l'Ékòó lọ́jọ́ kejì ìdájọ́. Ohun tó sọ ni pé ìwé kì í gbé ju ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó fọwọ́ sí i lọ, àti pé ẹni tó gbà á kò lè fi àìmọ̀ nípa ètò ilẹ̀ Yorùbá ṣe àwáwí. Ó yẹ kí ó ti béèrè. Lọ́dún 1912, níwájú ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìjòyè kan láti ilẹ̀ wa ti là á yé wọn pé nínú gbogbo àwọn tó ni ilẹ̀, àwọn tó wà láàyè ló kéré jù. Àwọn onímọ̀ òfin ṣì ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ náà títí dòní. Bí a bá gba ìyẹn gbọ́, a jẹ́ pé ẹni tó bá ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́ alààyè mọ̀ pé àwọn mìíràn tó pọ̀ jù ú lọ ń wò ó, bí wọn kò tilẹ̀ lè sọ̀rọ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé ilẹ̀ wà lójú kan, pé owó yàtọ̀: owó tí wọ́n yá ti wọlé, ìlú ti ná an. Èyí gbé wa dé Costa Rica. Federico Tinoco fi ipá gba ìjọba níbẹ̀ lọ́dún 1917. Nígbà tí ilẹ̀ ń mì lábẹ́ rẹ̀ ní 1919, ó gba ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún dọ́là lọ́wọ́ Royal Bank of Canada. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé owó náà wà fún yẹ kó pa èèyàn lẹ́rìn-ín: apá kan fún ìnáwó olórí orílẹ̀-èdè tó fẹ́ rìnrìn àjò sí òkè òkun, apá kejì fún owó oṣù ọdún mẹ́rin, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fún àbúrò rẹ̀ tó ní òun yóò fi ṣe aṣojú ní Ítálì. Láìpẹ́ Tinoco sá lọ. Ìjọba tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ní àwọn kò ní san án, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbèjà báńkì náà, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà fún William Howard Taft, adájọ́ àgbà Amẹ́ríkà, láti dá a. Ní 1923 Taft kọ́kọ́ sọ ohun tí àwọn olówó fẹ́ gbọ́: pé ìjọba Tinoco, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ipá ló fi dé orí àléfà, ìjọba ni, ìlérí rẹ̀ sì lè de ìlú. Lẹ́yìn náà ló wá yí ojú sí báńkì. Ó ní báńkì náà mọ ibi tí owó ń lọ. Ẹni tó fẹ́ kí Costa Rica san owó yẹn, òun ni kí ó fi hàn pé ó yá a fún ohun tó jẹ́ ti ìlú ní tòótọ́. Báńkì kò rí nǹkan kan fi hàn. Bí wọ́n ṣe pàdánù nìyẹn.

Mo fẹ́ràn ìdájọ́ Taft ju èyí tí àwọn onímọ̀ kan gbé kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ gbèsè ìríra tó yẹ kó bá aláṣẹ burúkú kú. Bí a bá ní ká máa wọn ìwà aláṣẹ kí a tó mọ̀ bóyá gbèsè rẹ̀ dè wá, ta ni yóò mú òṣùwọ̀n? Aláṣẹ rere lè yáwó burúkú. Apàṣẹwàá náà sì lè yáwó kọ́ afárá tí gbogbo ìlú ń gùn. Taft kò wọn ìwà ẹnikẹ́ni. Ó bi ẹni tó mú owó wá pé: kí lo mọ̀, kí lo béèrè?

Àtakò àkọ́kọ́ tí àwọn oníṣòwò máa gbé dìde kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n á ní bí ìlú bá lè sọ pé ẹni tó fọwọ́ sí i kò láṣẹ, ta ni yóò tún bá ìlú dòwò? Àwa tá a wà ní Nàìjíríà mọ̀ ju kí a fi wọ́n ṣẹ̀sín lọ. Gómìnà tuntun kì í pẹ́ dé orí àléfà kó tó fagi lé iṣẹ́ tí ẹni tó ṣíwájú gbé síta, agbaṣẹ́ṣe tó ti yáwó ra sìmẹ́ǹtì á sì máa pààrà ọ́fíìsì kiri títí bàtà rẹ̀ á fi jẹ. Bí a bá fún irú àwọn aláṣẹ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà láti sọ pé àdéhùn àná kò kan àwọn, àwọn ni yóò kọ́kọ́ sá gba ibẹ̀, ẹni tó fi òótọ́ ṣiṣẹ́ ni yóò sì sunkún. Mo gbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká má bi aláṣẹ tuntun léèrè ohun tó wù ú. Ìwé tí agbaṣẹ́ṣe kó jọ lọ́jọ́ tó gba iṣẹ́ ni kí a wò: ìpolówó iṣẹ́ náà nínú ìwé ìròyìn, ìwé àwọn tó jọ du ú, àkọsílẹ̀ pé ilé ìgbìmọ̀ gbọ́, àkáǹtì ìjọba tí owó gbà kọjá. Ẹni tó ní ìwọ̀nyí lọ́wọ́, kò sí gómìnà tó yẹ kó lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ì báà korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro. Bí a ṣe ń gbé ẹrù ìwádìí lé olówó lórí, bẹ́ẹ̀ náà là ń fún olówó tó wádìí ní ààbò tí kò ní lónìí.

Wọ́n tún máa ń sọ pé àlejò kò lè mọ ohun tó ń lọ nínú ilé onílé. Báwo ni báńkì tó wà ní Zurich yóò ṣe mọ̀ bóyá mínísítà ti sọ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin? Ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ gba yàrá kan ṣoṣo ní Peckham mọ ìdáhùn èyí. Onílé yóò ní kó mú ìwé owó oṣù wá, ìwé báńkì, ìwé ìgbélùú, àti orúkọ ẹni tó lè jẹ́rìí sí i. Tí wọ́n bá lè wádìí bẹ́ẹ̀ nítorí yàrá tí ẹsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà, ìdí wo ni wọn kò fi ní ka òfin ìṣúná orílẹ̀-èdè kan kí wọ́n tó yá a ní bílíọ̀nù? Òfin ìwà ọ̀daràn ti gba èyí tipẹ́. Láti 1977 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀ láti fún òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2010 tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ilé-iṣẹ́ lè jẹ̀bi nítorí pé kò ṣe ètò tí kò ní jẹ́ kí aṣojú rẹ̀ fún èèyàn ní rìbá, kí ó tilẹ̀ ní òun kò mọ̀. Ọ̀ràn kan ló kù. Nígbà tí Halliburton àti KBR gbà ní 2009 láti san mílíọ̀nù 579 dọ́là nítorí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi gba iṣẹ́ gáàsì Bonny, àpò ìjọba Amẹ́ríkà ni owó ìtanràn náà lọ. Òfin ìjìyà ti mọ̀ pé ẹni tó ń gba iṣẹ́ ní ojúṣe. Òfin àdéhùn ṣì ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Àwọn kan yóò tọ́ka sí bí ọ̀rọ̀ P&ID ṣe parí, wọ́n á ní òfin tó wà nílẹ̀ tó. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2023, Adájọ́ Robin Knowles ní London rí i pé jìbìtì ni wọ́n fi gba ìdájọ́ bílíọ̀nù náà. P&ID ti fún ọ̀gá kan ní ẹ̀ka òfin ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó epo rọ̀bì lówó nígbà tí àdéhùn ń lọ lọ́wọ́. Nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú àwọn onílàjà, wọ́n ń fún un lówó nìṣó kí àṣírí má baà tú. Ìwé ìkọ̀kọ̀ tí àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà kọ fún Nàìjíríà wà lọ́wọ́ P&ID, wọ́n sì ń kà á bí ẹjọ́ ṣe ń lọ: bí ẹni ń ta ayò pẹ̀lú èèyàn tó sì ń gbọ́ ohun tó ń rò lọ́kàn. Ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ sì ti parọ́ nínú ẹ̀rí tó kọ sílẹ̀. Nàìjíríà bọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe bọ́. Òfin ìlàjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1996 fún ẹni tí ìdájọ́ dùn ní ọjọ́ 28 péré láti lọ sílé ẹjọ́. Nàìjíríà lo ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́ta. Ilé ẹjọ́ ti gbà ní 2019 kí P&ID máa lọ gba owó rẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé Adájọ́ Ross Cranston ṣí ilẹ̀kùn náà padà ní 2020, òtítọ́ ì bá dúró síta títí ayé. Orílẹ̀-èdè tí èèyàn rẹ̀ lé ní igba mílíọ̀nù, tó ní owó láti gba agbẹjọ́rò tí kì í gba owó kékeré, ló fi èékánná dì í mú bẹ́ẹ̀. Ká ní Togo ni ńkọ́?

Yàtọ̀ sí èyí, ìlàjà kì í ṣe ìgboro. Inú yàrá ni wọ́n ti ń ṣe é, àwọn méjì tó fọwọ́ sí ìwé nìkan ló sì wà níbẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ oníṣòwò méjì ló ń jà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ alágbàtọ́ ńkọ́, tí wọ́n sì ti rà á? Aṣojú ọmọ wà lórí àga, àmọ́ kò sí ẹnikẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ fún ọmọ. Àwọn onílàjà P&ID kì í ṣe òpè; ọ̀kan nínú wọn ti jẹ́ adájọ́ ní ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òmíràn sì ti ṣe agbẹjọ́rò àgbà Nàìjíríà rí. Ohun tí wọ́n kó wá síwájú wọn ni wọ́n dá. Adájọ́ Knowles fúnra rẹ̀ fi kún ìdájọ́ rẹ̀ pé kí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìlàjà jókòó tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, pàápàá níbi tí owó bá pọ̀ tí ìjọba sì wà nínú rẹ̀. Kò sọ ohun tí wọn yóò ṣe. Ní tèmi, ó yẹ kí onílàjà tó bá rí ìjọba níwájú rẹ̀ máa béèrè ìbéèrè Taft fúnra rẹ̀, ìjọba ì báà béèrè rẹ̀ tàbí kó má béèrè.

Àtakò tó wọni lára jù wá láti inú ilé. Àwa Yorùbá kọ́ la fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà ni? Baba yáwó sìnkú, ó yáwó gbéyàwó, ó sì fi ọmọ sọ́dọ̀ olówó. Ọmọ kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Báwo la ṣe wá ń sọ pé ìlérí kì í de ẹni tí kò sí níbẹ̀? N kò ní gbèjà ìwọ̀fà. Kò sí ẹni tó ń gbàdúrà pé kó padà wá. Ṣùgbọ́n kí a tó fi gbá ara wa lójú, ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe rí. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé. Owó tí baba yá kì í gun ara rẹ̀ lórí: iye tó jẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà ló jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ọjọ́ tí wọ́n bá san án, ọmọ padà sílé. Onígbọ̀wọ́ wà láàárín. Olówó mọ ojú baba, ó mọ ojú ọmọ, gbogbo agbo ilé sì mọ ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe. Nínú ètò tó le tó bẹ́ẹ̀ pàápàá, kò sí ibi tí àjèjì kan ti lè yọ ìwé jáde pé ọmọ ló jẹ òun ní owó tí ẹnikẹ́ni kò rí sójú. Àwọn tó kọ ìwé àdéhùn gáàsì yẹn kò fún ìlú ní ìwọ̀nba ààbò tí ìwọ̀fà ní.

Thomas Jefferson ló gbìyànjú láti gé okùn tó so gbèsè baba mọ́ ọmọ pátá. Láti Paris, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1789, ó kọ̀wé sí James Madison pé ilé ayé wà fún àwọn alààyè láti lò, ìran kan kò sì láṣẹ láti di gbèsè lé ìran tó ń bọ̀ lórí. Ó tiẹ̀ ṣírò rẹ̀: ọdún 19 ni ìran kan fi ń ṣe àkóso, gbèsè tó bá kọjá ìyẹn, kó kú. Madison dá a lóhùn pé àwọn ọmọ náà ni yóò jẹ àǹfààní ohun tí baba fi gbèsè ṣe, nítorí náà kí wọ́n bá a gbé díẹ̀ níbẹ̀, mo sì rò pé Madison ló jàre. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin tí bàbá rẹ̀ yáwó kọ́ kò lè ní gbèsè náà kò kan òun. Jefferson fúnra rẹ̀ kú ní 1826 pẹ̀lú gbèsè tó lé ní 100,000 dọ́là. Ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n pólówó àádóje ẹrú ní Monticello, oko rẹ̀, fún títà, láti fi san án. Àwọn yẹn kò jẹ nínú owó náà, wọn kò sí níbi tó ti yá a. Ẹni tí ìlérí ẹlòmíràn máa ń dé bá kì í sábà jẹ́ ẹni tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kà mọ́ ìran.

Gbogbo èyí rọrùn níwọ̀n ìgbà tí a bá ń bá ẹni tó fún èèyàn lówó ẹ̀yìn wí. Mozambique ló gbé èyí tó ṣòro wá. Ní 2013 àti 2014, ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tí ìjọba ibẹ̀ dá sílẹ̀ yá nǹkan bíi bílíọ̀nù 2 dọ́là lọ́wọ́ Credit Suisse àti báńkì VTB ti Rọ́ṣíà, pé àwọn fẹ́ ra ọkọ̀ ìpẹja àti ọkọ̀ tí yóò máa ṣọ́ etíkun. Manuel Chang, mínísítà ìnáwó, fi orúkọ orílẹ̀-èdè ṣe onígbọ̀wọ́. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kò gbọ́. Nígbà tí àṣírí tú ní 2016, àjọ IMF àti àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ṣèrànwọ́ dá owó dúró, owó ìlú náà já wálẹ̀, àwọn ọkọ̀ ìpẹja sì dúró gbagidi ní èbúté Maputo. Credit Suisse gbà ní 2021 láti san ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là ìtanràn; ilé ẹjọ́ New York dá Chang lẹ́bi ní 2024; ní ọdún yẹn kan náà, Adájọ́ Knowles, ẹni tó dá ẹjọ́ P&ID, dá Mozambique láre lórí Privinvest, ilé-iṣẹ́ tó ta ọkọ̀ náà fún wọn. Títí débi yìí, ìbéèrè Taft ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n apá kan lára gbèsè náà ti di ìwé tí wọ́n ń tà lọ́jà, ó ti kọjá lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ sí ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀, títí kan àwọn tó ń fi owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ṣòwò. Àwọn wọ̀nyí kò fún ẹnikẹ́ni ní rìbá. Ní 2019, Mozambique bá wọn ṣe àdéhùn tuntun: ìwé gbèsè mílíọ̀nù 900 dọ́là tí yóò parí ní 2031. Bí a bá sì pín ìyà náà, àwọn méjì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló jókòó síbẹ̀, òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Yúróòpù àti apẹja ní etí òkun Nampula.

Mi ò gbà pé wọ́n dọ́gba. Òṣìṣẹ́ tó fẹ̀yìn tì ní ẹni tí wọ́n ń san owó fún láti ka ìwé kó tó rà á. Apẹja kò ní ẹnì kan. Èlé tí ìwé Mozambique ń mú wá ga ju èyí tí ìwé gbèsè Jámánì ń mú wá lọ, àfikún yẹn sì ni owó tí ọjà ń san fún ẹni tó gbà láti fara mọ́ ewu. Wọ́n ti gba owó ewu náà lọ́dọọdún. Bí wọ́n bá wá ní kí apẹja bá wọn ru ewu ọ̀hún ní ọjọ́ tó dé, wọ́n fẹ́ jẹ lápá ọ̀tún, kí wọ́n tún jẹ lápá òsì. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé yóò sọ pé bí a bá gbé òfin kalẹ̀ báyìí, èlé yóò lé sókè fún orílẹ̀-èdè tí ilé ìgbìmọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti orúkọ lásán, nítorí olówó yóò máa bẹ̀rù pé mínísítà tó wà níwájú òun kò láṣẹ. Kí ó lé sókè. Ó sàn kí iye yẹn hàn lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yá owó, nígbà tí ìjọba ṣì lè ní òun kò yá mọ́, ju kí ó dé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá sọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí.